Àwọn Páàsì Tí Dúrótìmí Kà

Dúrótìmí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọjú sí pápá, bàtà bọ́ọ̀lù tuntun ló wọ̀, ó ń kọ mànà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ lásán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù. Nígbà tó wá kàn án, ilé ara wọn ló gbá a sí. Oore tí àwọn ọmọ ikọ̀ Ìrẹ̀pọ̀ ṣe é lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n ní sùúrù títí ó fi kẹ́yìn sí wọn kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ìrẹ̀pọ̀ ni ikọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Calgary. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn, láti May títí di September, kí snow tó gba pápá lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ àti ẹni tó ti kírun Àìlà tán á pàdé lórí pápá, wọ́n á sì jọ máa mí gúlegúle.

Dúrótìmí kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí tó ti kúrò ní Ìbàdàn. Òun, Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Ìdùnnú ọmọ wọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ ló ń gbé àjà kẹsàn-án ilé kan ní àdúgbò Beltline. Ní gbogbo winter tó kọjá, àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò pé márùn-ún, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì wà lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí ó rí i pé ẹsẹ̀ òun kò lè mú òun wọ inú ikọ̀ náà, ó wá ohun mìíràn tí yóò mú òun wọ ibẹ̀.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kíkà. Ní ilé-iṣẹ́ epo kan ní Downtown, lórí àjà kejìlélógún, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka iye ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń dáhùn ìfiránṣẹ́, kí ó sì fi àwọ̀ yà á: ewéko fún ẹni tó yá, pupa fún ẹni tó pẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ìdáhùn tó yá náà ni ìdáhùn tó dára. Òun náà kò bi ara rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ, ẹnjiníà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ti Cochrane wakọ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àpò bọ́ọ̀lù àti ọsàn gígé. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ kò bá ti ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú, kì í wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí Dúrótìmí sọ fún un pé òun lè máa ka gbogbo páàsì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fún ẹlòmíràn, kí òun sì máa ròyìn iye tó débẹ̀ àti iye tí kò débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n mú PR, ìwé ìgbélùú, wá bá.

Bẹ́ẹ̀ ni Dúrótìmí ṣe gbé àga kan tó ṣeé ká pọ̀ dání lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó gbé tablet lé itan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́: ó dé, kò dé, ó dé, ó dé. Ní òwúrọ̀ Monday, nínú train, ó fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ikọ̀.

Kànmí ló wà lókè, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kànmí, ó ń kọ app, àárín pápá ló sì ń gbá. Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì fìgbà kan gbá a kọjá ibi tí ènìyàn ti lè na ọwọ́ kó fi ẹ̀pà lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Bí ẹ̀yìn bá fún un, á dá a padà sẹ́yìn. Bí ẹ̀gbẹ́ bá fún un, á dá a padà fún ẹ̀gbẹ́. Kì í jẹ gbèsè bọ́ọ̀lù rárá.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Adéníjì wà, mẹ́tàléláàádọ́ta.

Adéníjì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù gidi rí ní Abẹ́òkúta kí orúnkún tó bá a jà. Nọ́ọ̀sì ni báyìí, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun àti Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ ló dá Ìrẹ̀pọ̀ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, òun sì ni kapútẹ̀nì. Bí bọ́ọ̀lù bá kàn án lẹ́sẹ̀, kì í wo ẹni tó wà nítòsí. Ibi tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni ló máa ń gbá a sí, á sì máa retí pé kí ẹnì kan sáré débẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á débẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀tá á ti débẹ̀ ṣáájú.

Ẹnì kan kọ ọ́ sí WhatsApp pé, ‘Bọ̀dá Níjì, ṣé ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù?’ Àwọn mìíràn fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Adéníjì fi àtàńpàkò kan ránṣẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, nọ́mbà ti di ọba ní Ìrẹ̀pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní aláwọ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á, ó sì ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá wà lókè ní òpin ọdún. Kànmí gbé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ sí status. Ìyá rẹ̀ rí i ní Ìlá, ó rò pé ìdánwò ni, ó sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dúrótìmí fúnra rẹ̀ di ẹni iyì. ‘Prof’ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni àga rẹ̀ ń wà, bí Roseline ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bá sì ṣí cooler, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú meat pie fún. Ó ń ti pápá dé ilé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Àmọ́ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun àjèjì. Ṣeunfúnmi, tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ góòlù fún wọn, rí i pé òun wà ní ipò kẹta láti ìsàlẹ̀. Ó rò ó títí, ó rí i pé bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé, Dúrótìmí kì í kà á sí páàsì. Ó bá jáwọ́. Ní ọjọ́ kan, òun nìkan ló kọjú sí aṣọ́lé ọ̀tá, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Aṣọ́lé náà ti di ojú. Ṣeunfúnmi yí padà, ó wá ẹni tí yóò fún, ó rí Kànmí. Kànmí náà wò yíká, ó dá a padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn sì dá a padà sọ́dọ̀ Abdulwasiu, aṣọ́lé tiwọn, ní ìpẹ̀kun pápá kejì. Dúrótìmí tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ó dé, ó dé, ó dé. Àwọn ìyàwó méje tó ń wòran pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ pe gbogbo wọn jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn Adéníjì bí àbúrò, àmọ́ nọ́mbà kì í parọ́, kò sì tọ́ kí ẹni tó ń pàdánù ìdajì bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ kapútẹ̀nì. Kó sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bojú wo Dúrótìmí, bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Ojú gbogbo wọn tẹ̀ lé tirẹ̀. Dúrótìmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Adéníjì bọ́ báńdì tó wà lápá rẹ̀, ó nà án sí Kànmí, ó sì lọ jókòó. Sunday méjì ló fi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò wá.

Láti ìgbà náà, ọ̀mì méjì ni wọ́n gbá, òdo sí òdo, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú méjì mìíràn. Síbẹ̀, ikọ̀ náà kò mọ bọ́ọ̀lù páàsì tó bẹ́ẹ̀ rí: méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ikọ̀ Cochrane ló nà wọ́n nínú eré tó kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn yẹn ní púlọ́ńbà kan, tíṣà méjì tí ikùn wọn ti yọ, àti dókítà eyín kan tó pá lórí. Bọ́ọ̀lù kò pọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n gbá a jìnnà, wọ́n sáré tẹ̀ lé e, dókítà eyín sì jẹ góòlù méjì. Nínú ìròyìn ọjọ́ Monday, Dúrótìmí kọ ọ́ pé àwọn Ìrẹ̀pọ̀ ló darí eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ kà á, ara tù ú.

Ìtura náà kò ju ọjọ́ kan lọ. Dókítà eyín tó jẹ góòlù méjì yìí ló ń tọ́jú eyín Ẹ̀gbọ́n, Tuesday ni wọ́n sì ti jọ fi àdéhùn sí. Ẹ̀gbọ́n la ẹnu gbàgà sábẹ́ iná. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fi irin kan eyín rẹ̀ ló ń fi ìbọ̀wọ̀ béèrè pé níbo ni àgbà wọn yẹn wà, èyí tó wọ nọ́mbà mẹ́fà, nítorí inú àwọn dùn gan-an pé àwọn kò rí i. Ẹ̀gbọ́n kò lè dáhùn. Nígbà tí wọ́n yọ irin náà, kò tún fẹ́ dáhùn mọ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Kànmí kọ̀wé sí Dúrótìmí ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ti já a sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì ń dùn ún. Ó ní páàsì kan wà tí òun fún Inúolúwa, tó ń gbá ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Páàsì náà dára, Inúolúwa ló yọ̀ ṣubú. Kí Prof jọ̀ọ́ bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Dúrótìmí kì í ṣe ẹni tó máa yan ènìyàn jẹ. Ó ránṣẹ́ sí Serifat, ìyàwó Abdulwasiu aṣọ́lé. Serifat máa ń fi fóònù ya gbogbo eré láti ẹ̀yìn ilé tí ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìwó fẹ́ máa rí ọmọ rẹ̀. Nítorí èyí, fídíò rẹ̀ kì í sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ, Serifat kò bìkítà. Àwọn tó kù lójú ibẹ̀ ló ń yà. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ti oṣù méjì.

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, Dúrótìmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan ní Plus 15, afárá onígíláàsì tó so àwọn ilé Downtown pọ̀ lókè títì, ọkọ̀ ń kọjá nísàlẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ṣèèṣì tẹ eré kan tó ti pẹ́, èyí tí wọ́n jẹ mẹ́ta sí ọ̀kan nígbà tí Adéníjì ṣì wà. Ó fẹ́ pa á. Kò pa á.

Lọ́jọ́ náà lórí pápá, bọ́ọ̀lù ni òun ń wò, nítorí òun ló ń kà. Nínú fídíò yìí, ìgbà púpọ̀ ni bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀. Adéníjì ló wà níbẹ̀. Ó ń rìn, ó ń nawọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí Inúolúwa sún sí òsì ìṣísẹ̀ méjì. Inúolúwa sún, bọ́ọ̀lù ọ̀tá sì wá kọ lu ìbàdí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà Adéníjì sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, kò ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, kò béèrè bọ́ọ̀lù. Ọ̀tá méjì sáré tẹ̀ lé e, àárín pápá ṣófo. Kànmí sì dúró sínú àyè náà bí ẹni tó jókòó sí yàrá àlejò, ó gba bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu, ó páàsì. Ó dé.

Dúrótìmí wo òmíràn. Ó wo òmíràn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá páàsì Adéníjì tí òun kọ sílẹ̀ pé kò dé, ó ń fẹjú wo ìpẹ̀kun pápá lọ́hùn-ún, níbi tí gbogbo wọn ti hàn kékeré. Ọ̀kan kọ lu ọ̀tá, ó di kọ́nà, kọ́nà di góòlù. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lóòótọ́, àmọ́ ibi tó bá a kò rọgbọ; ẹ̀rù bà á, ó gbá a sẹ́sẹ̀ Ṣeunfúnmi, Ṣeunfúnmi gbá a wọlé. Nígbà tí ó kà á tán, góòlù mẹ́sàn-án ni Ìrẹ̀pọ̀ jẹ kí wọ́n tó ní kí Adéníjì lọ jókòó, méje nínú rẹ̀ ló ti ara páàsì tí kò dé wá. Nínú tábìlì Dúrótìmí, ẹ̀bi méje ni wọ́n.

Ìrẹsì rẹ̀ ti tutù. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, ìfiránṣẹ́ mọ́kànlá sì ti ń dúró dè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, orúkọ tirẹ̀ ló pupa jù lọ nínú tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Fẹ́yìsayọ̀, ó sì sọ fún un pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ: òun yóò fi òpó tuntun kan, ìyẹn column, kún tábìlì náà, fún páàsì tí kò dé àmọ́ tó so èso rere. Fẹ́yìsayọ̀ ń di irun Ìdùnnú lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

‘Bàbá Ìdùnnú,’ ó ní, ‘ní ward wa, wọ́n máa ń ka iye ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti wo aláìsàn. Wọn kì í ka èyí tí mo jókòó tì títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde lọ́la tó ní n kò jókòó ti ẹnikẹ́ni, torí pé kò sí nínú ìwé, èmi àti olúwa rẹ̀ á fà á ni. Kì í ṣe òpó ni Bọ̀dá Níjì ń fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n.’

Dúrótìmí pe Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ lórí fóònù, ó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ dókítà eyín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ń dun òun ju eyín lọ.

Ní òwúrọ̀ Saturday, àwọn méjèèjì lọ sí basement tí Adéníjì ń gbé. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn ní omi, ó sì padà sídìí ayọ̀ọ̀nù rẹ̀. Dúrótìmí dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dìde, ó na tablet sí i pé kó wo fídíò náà. Adéníjì kò wò ó.

‘Mo wà níbẹ̀,’ ó ní. ‘Kí ni mo tún fẹ́ wò?’

Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní nọ́mbà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Adéníjì gbé ayọ̀ọ̀nù dúró.

‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dá nọ́mbà lẹ́bi. Kò bínú sí mi, kò sì mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ènìyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn dúró lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, ẹ dúró ná, ohun tí ìwé yìí sọ kọ́ la rí.’ Ó kọjú sí Dúrótìmí. ‘Ìwọ, o ti rí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí lo rí?’

Dúrótìmí ronú. ‘Mo rí i pé bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ọkàn gbogbo wa máa ń balẹ̀.’

‘Kí ló dé tí o kò kọ ìyẹn sílẹ̀?’

‘N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.’

Adéníjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọ̀sán Sunday. Bí òun bá lè wá, òun á wá, àmọ́ kí wọ́n má fi òun ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Dúrótìmí kọ ọ́ sí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà pé tábìlì òun ti ṣi gbogbo wọn lọ́nà, pé òun kò ní kà mọ́, pé òun sì tọrọ àforíjì. Ìdáhùn kò pọ̀. Inúolúwa kọ ọ́ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kànmí béèrè bóyá ẹ̀bùn ẹni tó páàsì jù lọ ṣì wà ní òpin ọdún.

Eré ọjọ́ Sunday ló parí ìdíje ọdún náà. Àwọn mẹ́ta ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Edmonton, méjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ Inúolúwa sì ti rọ́. Àwọn mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlòmíràn. Ó ní kí Dúrótìmí lọ wọ bàtà.

Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ní ìdajì àkọ́kọ́ eré náà, ọkùnrin gíga kan ń sáré kọjá lára rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lára òpó iná, ọ̀kan nínú ìgbà náà sì di góòlù. Ẹ̀mí Dúrótìmí ti dé ọ̀fun. Ó ń gbàdúrà kí rẹfirí fẹ fèrè, kì í ṣe nítorí ikọ̀ náà, nítorí àyà tirẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsinmi, Adéníjì dé. Ojú rẹ̀ wú fún àìsùn. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ títí, ó wọ aṣọ, ó wọlé. Nígbà tí Kànmí ń bọ́ báńdì apá rẹ̀ láti dá a padà, Adéníjì ní kó fi í sílẹ̀ lápá rẹ̀, àyè ìyẹn kò sí.

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Dúrótìmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn etí rẹ̀. ‘Dúró, sún sẹ́yìn. Ó tó. Má wò ó lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o wò. Jẹ́ kó wá bá ẹ.’ Ọkùnrin gíga náà wá. Dúrótìmí kò ṣe ohunkóhun ju pé ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí, bọ́ọ̀lù sì wá bá a lẹ́sẹ̀. Ìyàlẹ́nu bá a tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbá a jù sí ojú ọ̀nà. Adéníjì ní ó ṣeun.

Páàsì mẹ́ta ni Adéníjì pàdánù lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó gbá a sí ibi tí koríko nìkan wà. Ṣeunfúnmi dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tó gbàgbé ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ta gìrì, ó sáré débẹ̀, ó sì gbá a wọlé láìwo ẹ̀yìn. Ariwo tí àwọn ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ pa lọ́jọ́ náà, ajá tí ẹnì kan mú wá sá lọ.

Ọ̀kan sí ọ̀kan ló parí sí. Ipò keje nínú ikọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n wà. Kànmí wá bá Dúrótìmí níbi tó sùn gbalaja sí lórí koríko, ó béèrè lóhùn jẹ́jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni bọ́ọ̀lù òun dé lónìí.

‘Kò sẹ́ni tó kà á,’ Dúrótìmí dá a lóhùn.

‘Mo mọ̀, Bọ̀dá Dúró. Ṣùgbọ́n mo gbá a dáadáa, àbí?’

Dúrótìmí sọ òtítọ́ fún un: òun kò rí i. Ọkùnrin gíga yẹn ni òun ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Kànmí dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tí wọ́n já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó tì í. Lápá kejì pápá, Ẹ̀gbọ́n Ọlábánjọ ń bá Adéníjì sọ̀rọ̀ nípa ọdún tó ń bọ̀. Adéníjì ní àfi kí àwọn bi orúnkún òun. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń lọ sùn.